Bí a ṣe ń yọ wáyà pésímékà àti dífíbúrílétọ̀ tó ti pẹ́ nínú ọkàn láìfi ẹ̀mí aláìsàn wewu

Pésímékà ni ẹ̀rọ tó ń mú kí ọkàn máa lù déédéé, dífíbúrílétọ̀ sì ni èyí tó ń ta iná láti dá ìlù ọkàn tó dàrú padà sípò; wáyà ló so wọ́n mọ́ ọkàn. Wáyà tí wọ́n gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tì bọ inú ọkàn lánàá ṣì ṣeé fà jáde lónìí pẹ̀lú ọwọ́ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí wáyà kan náà bá ti lo ọdún 10 níbẹ̀, ó ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú ara ẹni tó gbé e. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni ara ti mọ̀ ọ́n ní àjèjì: ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì yí i ká, àpá á hù bo ẹ̀jẹ̀ tó dì náà, àpá ọ̀hún á sì máa le sí i lọ́dọọdún títí kálíṣíọ̀mù fi máa wọ inú rẹ̀. Bí igi ṣe ń hù bo okùn tí wọ́n so mọ́ ọn lára, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fa okùn náà tipátipá yóò bó èèpo igi mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tó bá fi agbára fa wáyà tó ti pẹ́ ṣe lè ya ògiri iṣan tàbí ẹran ọkàn fúnra rẹ̀. Títú wáyà sílẹ̀ kúrò nínú àpá díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ yìí, ìmúrasílẹ̀ tí a sì ti ṣe kí abẹ tó kan awọ ni ó ń gba ẹ̀mí aláìsàn là bí nǹkan bá yíwọ́.

Ibi tí wáyà ti máa ń lẹ̀ mọ́ ara kò pọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà mọ̀ wọ́n lórí. Àkọ́kọ́ ni abẹ́ eegun ọrùn, níbi tí wáyà gbà wọ inú iṣan. Lẹ́yìn náà ni ibi tí iṣan tó ti apá òsì wá ti yí kọ́nà wọ inú iṣan ńlá òkè, èyí tó ń kó ẹ̀jẹ̀ orí àti ti apá méjèèjì padà sínú ọkàn. Iṣan ńlá òkè náà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni fáàfù tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lápá ọ̀tún, níkẹyìn ni orí wáyà níbi tó ti rì sínú ẹran ọkàn. Wáyà dífíbúrílétọ̀ máa ń le ju ti pésímékà lọ, nítorí pé ó ní irin wíwé tí iná ń gbà jáde láti fi dá ìlù ọkàn padà sípò, àpá sì máa ń hù wọ àárín irin wíwé náà. Èyí tó ní irin wíwé méjì, tí ọ̀kan nínú wọn sinmi sínú iṣan ńlá òkè, ni kí ẹ bẹ̀rù jù, torí pé ògiri iṣan náà fẹ́lẹ́ púpọ̀.

Àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ṣùgbọ́n aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ lè kà á láti mọ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi dókítà wọn. Kò lè dípò ẹ̀kọ́ lábẹ́ ọ̀gá. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ìlù ọkàn, Heart Rhythm Society, là á sílẹ̀ pé kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ó kéré tán wáyà 40 pẹ̀lú ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó dá dúró, kí ó sì máa yọ ó kéré tán 20 lọ́dọọdún lẹ́yìn náà kí ọwọ́ rẹ̀ má baà tutù. Ilé ìwòsàn tí kò ní oníṣẹ́ abẹ ọkàn kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ yìí láṣà rárá. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àkóràn aláìsàn, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é déédéé.

Mímọ ẹni tó yẹ kí a yọ wáyà fún

Àkóràn ni ìdí tó lágbára jù, òun náà ló sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ di kánjúkánjú. Bí ojú àpò tí wọ́n gbé àpótí ẹ̀rọ sí lábẹ́ awọ àyà bá pọ́n, bí ó bá gbóná, tó ń dun aláìsàn, tó ń sun ọyún, tàbí tí awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi tí irin tàbí wáyà fi yọjú síta, ẹ gbà pé àkóràn ti wọ gbogbo rẹ̀, láti àpótí títí dé orí wáyà nínú ọkàn. Kòkòrò àrùn máa ń ta awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ara rẹ̀ lórí irin àti rọ́bà, oògùn apakòkòrò kì í sì í ráyè dé abẹ́ awọ náà dáadáa, ìdí nìyí tí oògùn nìkan kò fi lè wo àkóràn yìí sàn, bó ti wù kí aláìsàn lò ó pẹ́ tó. Ẹni tó bá ran awọ pa dé padà, tàbí tó fọ àpò náà, tàbí tó gbé àpótí lọ sí ibòmíràn nígbà tí wáyà àtijọ́ ṣì wà ní ipò rẹ̀, ńṣe ló ń fi àkókò aláìsàn ṣòfò. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni egbò kékeré tó máa ń yọ lójú ìránpọ̀ awọ láìpẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí kò wọ inú àpò. Ìyẹn kò béèrè yíyọ.

Kí aláìsàn tó gba oògùn apakòkòrò àkọ́kọ́, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì láti ojú ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe ki abẹ́rẹ́ bọ inú àpò láti fa omi inú rẹ̀ wò, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà lè gbé kòkòrò wọ ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ́kò (àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìgbì ohùn yà) tí wọ́n ń gba ọ̀nà ọ̀fun ṣe ni yóò fi hàn bóyá kòkòrò ti ṣù jọ sára wáyà tàbí sára fáàfù, àti bí ìṣù náà ṣe tóbi tó. Bí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ ọkàn jókòó sí ìpàdé kí a tó pinnu, torí pé ìṣù ńlá lè já lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí a bá ń fa wáyà kọjá. Bí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus bá jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbé ẹ̀rọ sára, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú àpò tó dán mọ́nrán tàn yín jẹ, nítorí pé wáyà inú ọkàn lè ti kó o láìjẹ́ pé àpò mọ̀ sí i. Nígbà tí àkóràn bá sì ti dájú, ọjọ́ ni ká máa kà. Ìlànà tí àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde ní ọdún 2020 fẹ́ kí yíyọ náà wáyé láàárín ọjọ́ 3 tí àkóràn ti dájú, bí ó bá ṣeé ṣe. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìdádúró ló wọ́pọ̀ jù: wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn, ibà á lọ, wọ́n á dá a padà sílé, ibà á tún dé, ara rẹ̀ á sì ti gbẹ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè yọ wáyà.

Níbi tí kò bá ti sí àkóràn, ìpinnu náà nílò ìrònú púpọ̀ sí i. Wáyà lè já nínú, rọ́bà ara rẹ̀ lè bó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè ti kéde pé ó ní àbùkù, iṣan lè ti dí tí kò fi sí àyè fún wáyà tuntun, tàbí kí wáyà ti pọ̀ jù nínú iṣan kan ṣoṣo. Ọ̀nà méjì ló wà: kí a yọ wáyà tó bàjẹ́ náà, tàbí kí a fi ìdérí dé e ní ẹnu, kí a fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí a sì ki tuntun bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fún arúgbó ẹni ọdún 88 tó ní àìsàn mìíràn lára, fífi í sílẹ̀ lè jẹ́ ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ yàtọ̀. Arne Larsson, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé pésímékà sí lára, ní Sweden lọ́dún 1958, wà láàyè títí di 2001, ẹ̀rọ tó lò sì ju 20 lọ. Ẹni tó bá gba ẹ̀rọ ní ọ̀dọ́ yóò pààrọ̀ ohun púpọ̀ ní ayé rẹ̀, wáyà tí a bá sì fi sílẹ̀ lónìí yóò ṣòro yọ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 15 sí i, ní àkókò tí àkóràn lè fi ipá mú wa yọ ọ́. Èrò tèmi ni pé kí a má fi wáyà sílẹ̀ sínú ọ̀dọ́ láìjẹ́ pé a ti jókòó ṣírò gbogbo ọdún tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ bá aláìsàn sọ òtítọ́, ẹ sì fi iye bá a sọ ọ́. Nínú ìwádìí ELECTRa tó kó aláìsàn 3,555 jọ ní orílẹ̀-èdè 19 ní Yúróòpù, iṣẹ́ náà yọrí sí rere fún nǹkan bí 97 nínú 100, ìjàǹbá ńlá bá 1.7 nínú 100, ikú tó ti ọwọ́ iṣẹ́ náà wá sì jẹ́ 0.5 nínú 100. Iye yìí kò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ewu ń pọ̀ sí i bí wáyà bá ti ju ọdún 10 lọ, bí wáyà bá pọ̀, bí ó bá jẹ́ ti dífíbúrílétọ̀, bí aláìsàn bá jẹ́ obìnrin tàbí ẹni tó tín-ín-rín, bí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, àti bí ilé ìwòsàn náà kì í bá ṣe iṣẹ́ yìí púpọ̀. Ẹ sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí a la eegun àyà rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí iṣan bá ya, kí ó lè gbà sí i tàbí kí ó kọ̀ ọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́.

Ìmúrasílẹ̀

Ẹ mọ ohun tó wà nínú aláìsàn kí ẹ tó ṣí i. Ẹ wá ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ kàn, kí ẹ mọ irú wáyà kọ̀ọ̀kan, ọdún tó wọlé, bóyá onísúkúrù ni orí rẹ̀ tàbí oníkọ́, bóyá irin wíwé kan ló ní tàbí méjì, àti bóyá ihò inú rẹ̀ gba irin kọjá. Ẹ ya ẹ́síréè àyà láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Wáyà tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé sábà máa ń fara hàn níbẹ̀. Àwòrán CT (ẹ́síréè tí kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀ láti fi inú ara hàn) wúlò gan-an fún wáyà tó ti pẹ́, torí pé ó ń fi ibi tí kálíṣíọ̀mù wà hàn, ó sì ń fi hàn bí wáyà bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ńlá òkè tàbí bí orí rẹ̀ bá ti yọ kọjá ẹran ọkàn síta. Aláìsàn tí orí wáyà rẹ̀ ti yọ síta kì í ṣe ẹni tí a ń fà láti òkè nìkan. Oníṣẹ́ abẹ ọkàn gbọ́dọ̀ kópa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ̀ bóyá ọkàn aláìsàn lè lù fúnra rẹ̀ bí pésímékà bá dákẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè dá lù gbọ́dọ̀ ní wáyà ìgbà díẹ̀ nínú kí a tó ge ti àtijọ́, kò sì yẹ kí a gba ọ̀nà kan náà ki í bọ̀ ọ́ pẹ̀lú èyí tí a fẹ́ yọ. Ẹ pa apá tí dífíbúrílétọ̀ fi ń ta iná kí ọ̀bẹ oníná tó kan awọ, nítorí pé ẹ̀rọ náà lè ka iná ọ̀bẹ sí ìlù ọkàn tó dàrú kí ó sì ta aláìsàn. Láti ìgbà náà lọ, páàdì dífíbúrílétọ̀ ìta gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Ní ti yàrá, ohun tí mo ń béèrè kọ́kọ́ ni oníṣẹ́ abẹ ọkàn. Ta ni? Níbo ló wà báyìí? Ìdáhùn pé “a lè pè é” kò tó. Ẹni tí iṣan ńlá òkè rẹ̀ ya ní ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí àyà rẹ̀ tó gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí, nítorí náà oníṣẹ́ abẹ náà gbọ́dọ̀ wà nítòsí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, kí ó ti ka ìwé aláìsàn náà, kí ayùn tí wọ́n fi ń la eegun àyà wà nínú yàrá, kí ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Dókítà tó ń fún ni ní oògùn àkunlóorun á fi ìlà kan sínú iṣan ọwọ́ láti máa rí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, á fi abẹ́rẹ́ ńlá sí iṣan tó gba omi àti ẹ̀jẹ̀ kíákíá, á sì fi ojú ẹ̀rọ ẹ́kò sí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn kí ó wà níbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò mọ́ ti aláìsàn gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, ó kéré tán àpò 2 sí 4; ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ilé ìfipamọ́ ní apá kejì ilé ìwòsàn kò wúlò fún ẹni tó ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ fọ awọ aláìsàn láti àgbọ̀n títí dé itan, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó lọ́nà tí àyà àti ìpilẹ̀ itan fi wà ní àrọ́wọ́tó.

Láti ọdún 2016 ni bálúùnù rírọ̀ kan, Bridge, ti wà fún ìtọ́jú iṣan ńlá òkè tó bá ya. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8, bí a bá fẹ́ ẹ sínú iṣan náà yóò dí ojú ibi tó ya, ẹ̀jẹ̀ á dínkù, oníṣẹ́ abẹ á sì rí ìṣẹ́jú tó nílò. Ṣùgbọ́n kò wúlò bí ọ̀nà rẹ̀ kò bá tíì sí nílẹ̀. Láti ìpilẹ̀ itan, ẹ ti irin líle tín-ín-rín gòkè wọ iṣan ńlá òkè títí dé iṣan ọrùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí bálúùnù kàn tẹ̀ lé e bí ó bá di dandan. Fún wáyà tó ti pẹ́ gan-an, ẹ gbé bálúùnù náà sórí irin yẹn tẹ́lẹ̀ kí ó máa dúró dè yín.

Yíyọ wáyà

Ẹ ṣí ojú àpá àtijọ́, ẹ gbé àpótí ẹ̀rọ jáde, ẹ yọ wáyà kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ sì tú wáyà sílẹ̀ kúrò nínú àpá àpò títí dé ibi tó ti wọ inú iṣan. Àwọn rọ́bà kékeré tí wọ́n fi òwú dè mọ́ ẹran nígbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jáde pátápátá pẹ̀lú òwú wọn. Bí àkóràn bá wà, ẹ gé gbogbo àpá tó yí àpò ká kúrò.

Fún wáyà onísúkúrù, ẹ ki irin inú rẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ fi irinṣẹ́ ẹnu rẹ̀ yí súkúrù náà padà, kí ẹ máa wo ẹ́síréè bóyá súkúrù ti wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á díẹ̀, pẹ̀lú irin náà nínú. Wáyà tí kò tíì pé ọdún kan lè jáde báyìí láìsí wàhálà. Èyí tí kò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi sílẹ̀. Fífà léraléra máa ń na wáyà, wáyà tó ti nà máa ń já nínú, ìgbà tó bá sì já, ọ̀nà tó rọrùn jù ti sọnù.

Ohun tó kàn ni kí ẹ ge ẹnu wáyà, kí ẹ fi gígùn tó pọ̀ sílẹ̀ síta, kí ẹ ṣí ihò inú rẹ̀ dáadáa láìtẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ wọn fífẹ̀ ihò náà, kí ẹ sì ki locking stylet bọ̀ ọ́ títí dé orí. Irin tín-ín-rín tó ń fẹ̀ tó sì ń ti ara rẹ̀ mọ́ inú wáyà nìyí, kí agbára tí a bá fi fà á lè dé orí wáyà dípò kó na ara rẹ̀. Bí kò bá dé orí, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e yóò nira, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ fi òwú líle di rọ́bà ìta wáyà àti àwọn okùn irin inú wáyà dífíbúrílétọ̀ mọ́ stylet náà, kí gbogbo rẹ̀ lè máa bọ̀ pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo.

Wáyà tó ti le dan-in yìí ni ọ̀nà tí túùbù yóò gbà wọlé. A ó ti túùbù lé e lórí, túùbù náà á máa ya àpá sílẹ̀ ní àyíká rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Èyí tó ní lésà ń lo ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 308, kì í sì í jó ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan lọ níwájú rẹ̀. Èyí tó ní ẹnu irin tó ń yí ń gé àpá pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Èyí tó jẹ́ ike lásán kàn ń fẹ ọ̀nà ni. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 1999 lórí aláìsàn 301, lésà yọ wáyà pátápátá ní ìgbà 94 nínú 100, túùbù tí kò ní lésà sì ṣe é ní ìgbà 64. Àwọn túùbù tó ń yí ti dára gan-an láti ìgbà náà, ibi púpọ̀ ló sì ń lò wọ́n pẹ̀lú àṣeyọrí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mọ irú kan dunjú, kí èkejì wà nítòsí, torí pé lésà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níbi tí kálíṣíọ̀mù bá wà.

Òfin tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé ọwọ́ tó ń fa wáyà kò gbọdọ̀ gbàgbé ọwọ́ tó ń ti túùbù. Wáyà gbọ́dọ̀ na gbọnrangandan kí túùbù lè tẹ̀ lé e ní títọ́. Bí ẹ bá ti túùbù nígbà tí wáyà rọ̀, túùbù yóò yà kúrò lọ́nà rẹ̀, ògiri iṣan ni yóò sì kàn. Ẹ lọ díẹ̀díẹ̀: lésà kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 1 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibi tó lẹ́wu jù ni ibi tí wáyà ti yí wọ iṣan ńlá òkè, àti ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún; ẹ yí ẹnu túùbù tó gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí apá rẹ̀ tó gùn wà ní inú kọ́nà, kí ó má kọjú sí ògiri ìta. Bí túùbù bá dúró tí kò lọ, ẹ má ṣe fi agbára kún un. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó tóbi díẹ̀ tàbí irú mìíràn, tàbí kí ẹ fi wáyà yìí sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ sórí èkejì, torí pé títú ọ̀kan sílẹ̀ sábà máa ń tú èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí túùbù bá ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 sí ẹran ọkàn, ẹ dúró, ẹ pa lésà. Ẹ di túùbù ìta mú síbẹ̀ gbọn-in kí ó ti ẹran ọkàn lẹ́yìn, kí ẹ sì fa wáyà sínú túùbù pẹ̀lú sùúrù, kí agbára náà má baà fa ògiri ọkàn wọlé. Ẹ lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí orí wáyà tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ìfúnpá yóò já díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà, nítorí pé ògiri ọkàn lè tẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá dẹwọ́, ó yẹ kí ó padà sókè lójú ẹsẹ̀.

Bí wáyà bá já, tàbí tí kò sí ohun tí a lè dì mú lókè, ìpilẹ̀ itan ni ọ̀nà. Túùbù ńlá á gba iṣan ibẹ̀ dé ọkàn, ìdẹkùn á mú wáyà ní àárín tàbí ní ẹnu tó já, a ó sì fà á wá sísàlẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láìmọ ọ̀nà ìpilẹ̀ itan, nítorí pé ìgbà tí òkè bá kùnà kì í ṣe ìgbà tí a ń kọ́ ọ.

Bí ìfúnpá bá já tí kò padà

Ẹ dẹwọ́ fífà lákọ̀ọ́kọ́. Bí kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ gbà pé nǹkan ti ya títí tí ẹ fi máa rí ẹ̀rí mìíràn. Ẹ́kò á fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń kún inú àpò tó bo ọkàn. Ẹ́síréè á fi hàn bóyá ẹ̀gbẹ́ àyà ọ̀tún ń dúdú tàbí ń funfun ju ti tẹ́lẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ iṣan ńlá òkè wà nínú àpò ọkàn, nítorí náà bí ó bá ya níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á fún ọkàn pa. Apá òkè rẹ̀ wà ní ìta àpò náà, bí ó bá sì ya níbẹ̀, inú àyà ọ̀tún ni ẹ̀jẹ̀ á dà sí, àpò ọkàn á sì wà ní gbígbẹ. Mo ń sọ èyí ní kedere nítorí pé ẹ́kò tó mọ́ lè mú kí àwọn ènìyàn fọkàn balẹ̀ nígbà tí aláìsàn ń tán lọ.

Bí ó bá jọ pé iṣan ńlá òkè ni, ẹ ti bálúùnù gòkè lórí irin tó ti wà nílẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lú omi tí a pò mọ́ oògùn tó ń fara hàn lójú ẹ́síréè, kí oníṣẹ́ abẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í la eegun àyà ní àkókò kan náà láìdúró wo bóyá bálúùnù á ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ara kò gbọdọ̀ gba apá nìkan, nítorí pé iṣan apá ń gba iṣan ńlá òkè tó ya náà kọjá. Ìpilẹ̀ itan ni kí ẹ ti fún un. Ẹ má ṣe yọ túùbù tàbí wáyà kánkán, torí pé ó lè jẹ́ pé òun ló ń dí ojú ibi tó ya. Ẹni kan ṣoṣo ni kó máa pàṣẹ nínú yàrá, kí gbogbo ènìyàn sì ti mọ̀ ọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wáyà ti jáde

Ẹ tún ẹ́kò wò kí ojú ẹ̀rọ náà tó kúrò lọ́fun, pàápàá fáàfù ọ̀tún, nítorí pé wáyà tó ti hù mọ́ ọn lè ya á. Ẹ ya ẹ́síréè àyà, kí aláìsàn sì wà lábẹ́ ìṣọ́ títí di ọjọ́ kejì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀. Ẹran inú àpò àti orí wáyà gbọ́dọ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò fún kòkòrò. Bí àkóràn bá mọ sí àpò nìkan, oògùn apakòkòrò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn yíyọ sábà máa ń tó. Bí ó bá ti dé fáàfù, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni.

Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ tuntun sí i, ẹ béèrè bóyá ó ṣì nílò rẹ̀ rárá. Àwọn kan wà tí ìlù ọkàn wọn ti padà bọ̀ sípò, tàbí tí ìdí tí wọ́n fi gbé dífíbúrílétọ̀ sí wọn lára ti yí padà. Àwọn wọ̀nyí lè lọ sílé láìní irin nínú. Ẹni tó bá nílò rẹ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti wà láìní kòkòrò fún ó kéré tán wákàtí 72, kí ó sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí fáàfù bá ní àkóràn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè dá lù lè lo wáyà onísúkúrù tí a gba iṣan ọrùn ki bọ̀ ọ́, tí a so mọ́ pésímékà ìta lórí awọ, ó sì lè máa rìn kiri inú wọ́ọ̀dù títí àkókò yóò fi pé. Pésímékà aláìníwáyà àti dífíbúrílétọ̀ abẹ́ awọ yẹ fún àgbéyẹ̀wò níbi tí ìlò wọn bá bá aláìsàn mu, torí pé wọn kò fi wáyà mìíràn sínú iṣan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀.

Nígbà mìíràn, ègé wáyà máa ń ṣẹ́kù. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 4, tí kò sì fa ewu kankan, a ṣì lè ka iṣẹ́ náà sí aláṣeyọrí fún ẹni tí kò ní àkóràn. Fún ẹni tó ní i, ègé náà lè jẹ́ ibùgbé kòkòrò, ó sì yẹ kí a jíròrò bí yóò ṣe jáde. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ kọ gígùn ègé náà àti ibi tó wà sínú ìwé tí aláìsàn yóò mú lọ sílé, pẹ̀lú orúkọ wáyà kọ̀ọ̀kan tó jáde, irinṣẹ́ tí ẹ lò àti ibi tó ti le jù. Dókítà tó bá fẹ́ fi í sínú ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, tàbí tó bá bá ibà lára rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà òní, yóò nílò ìwé yẹn kí ó tó ṣe ohunkóhun.